Ìkòkò Kan ní Íńdíà, Ìkòkò Méjì Nílé

Ọdún tí àgbàrá gé ọ̀nà Odò-Ọwá sí méjì ni mo lọ sí Íńdíà. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, nọ́ńbà lẹ fi ń mọ ọdún. Èmi, ọdún tí àgbàrá gé ọ̀nà ni mo mọ̀ ọ́n sí. Mọ́tò tó gbé wa láti Ọ̀sí kò lè kọjá. A sọ̀ kalẹ̀, a ká aṣọ sókè, a fẹsẹ̀ la ẹrẹ̀ kọjá, àwọn ọkùnrin ru àpótí wa, a sì wọ mọ́tò mìíràn lódìkejì. Bàtà tí wọ́n rà fún mi láti fi wọ bàálù, inú ẹrẹ̀ yẹn ni ọ̀kan kù sí di òní. Sálúbàtà ilé ni mo wọ̀ dé Íńdíà.

Bọ́lá, kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Má bá mi tún un ṣe. Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ìyá Bọ́lá tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ni a gbé lọ. Fúnmi ni, àbíkẹ́yìn mi, tó fẹ́ ajíhìnrere sí Èrúkù. Kídìnrín rẹ̀ méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ wú bí ẹni tí oyin ta. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa wò, ti Ráṣídì ló bá tirẹ̀ mu. Ráṣídì ni àkọ́bí mi. Ilé kéwú ní Ìlọrin ló ti dàgbà, ibẹ̀ náà ló ń gbé, Àlùfáà ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí dókítà ṣàlàyé fún un pé wọn yóò la ikùn rẹ̀, wọn yóò yọ ọ̀kan fún àbúrò rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló bèèrè. Ó ní, “Ìgbà wo la ń lọ?” Ẹ bá mi tọ́jú ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ń bọ̀ wá gbà á.

Kí n tó dé Íńdíà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ilé wa ṣe rí tẹ́lẹ̀, nítorí òun gan-an ló ń dùn mí.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọjọ́ kan wà nígbà ọyẹ́ tí à ń pè ní Ìgòkè. Gbogbo ilé wa á gbéra lọ sí òkè tó wà lẹ́yìn oko, níbi tí omi ti ń sun lábẹ́ àpáta. Wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ilé wa dó ti rí omi mu, ni wọ́n fi jókòó síbẹ̀. Àwọn ọkùnrin á ro ọ̀nà, a ó máa gbọ́ ọkọ́ tó ń ta lára òkúta, kèn, kèn, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Àwọn obìnrin á gbọ́n ẹrẹ̀ kúrò lójú omi. Àwa ọmọdé á ru iṣu. Ẹni tí kò bá gbé nǹkan kan kò ní jẹun, ì báà jẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, wọ́n á fi ewé kan lé e lọ́wọ́ kó lè ní òun náà ru ẹrù.

Ewúrẹ́ kan ni wọ́n máa ń fà lọ. Bó ti wù kí oòrùn ga tó, ewúrẹ́ yẹn kò ní kú àfi kí bàbá mi dé, nítorí Mùsùlùmí ni bàbá mi. Ìdí rẹ̀ kò le rárá. Bí onígbàgbọ́ bá pa á, àwọn Mùsùlùmí ilé kò ní jẹ níbẹ̀. Bí Mùsùlùmí bá pa á, gbogbo wa la máa jẹ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́, kò sí ẹni tó bínú sí i. Yèyé mi, tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló máa ń di ẹsẹ̀ ewúrẹ́ mú. Bàbá mi á ní, “Bísímílàhi.” Yèyé mi á ní, “Àmín, ẹ tètè ṣe é, omi ti hó.”

Àlùfáà ilé á ṣe àdúrà tirẹ̀, á gùn títí ẹsẹ̀ á fi máa ro wá. Bàbá ìjọ á lu agogo ọwọ́, á ka Bíbélì. Ìyá àgbà kan tí kò sí nínú méjèèjì á bu omi yẹn, á wọ́n ọn sílẹ̀, á kí àwọn tó ti lọ. Gbogbo wa là ń ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀. Lọ́dún kan, odó bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé e gòkè, ó yí gbirigbiri sọ̀ kalẹ̀, ó kọjá lórí agbòòrùn bàbá ìjọ. Bàbá gbé agbòòrùn náà sókè, ó ti tẹ́ pẹlẹbẹ bí ẹja gbígbẹ. Àlùfáà ní, “Ẹ má bínú o, odó yẹn kò tíì yan ẹ̀sìn kan.” A rẹ́rìn-ín títí iyán fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tutù.

Ẹ lọ wo òkè yẹn báyìí. Wọ́n ti ri òpó tẹlifóònù mọ́ orí rẹ̀. Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì mọ ọgbà sí apá kan, wọ́n ń gbàdúrà níbẹ̀. Àwọn onímọ́ṣáláṣí náà mọ ọgbà sí apá kejì. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti ìhín kọjú sí ti ọ̀hún, wọ́n jọ ń pariwo mọ́ra wọn. Ojú omi tó wà láàárín kò sí nínú ọgbà ẹnikẹ́ni, nítorí náà kò sí ẹni tó ń gbọ́n ọn. Igbó ti bò ó.

Íńdíà ni mo ń bá bọ̀.

Ní Délì, a gba yàrá nílé opó kan tó sún mọ́ ọsibítù. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Àǹtí, àwa náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́sìn Híńdù ni, ó máa ń tan fìtílà níwájú àwọn òrìṣà rẹ̀ ní kùtùkùtù. Òyìnbó díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ, Ráṣídì ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Bí Ráṣídì kò bá sí nílé, ọwọ́ àti ojú la fi ń bára wa sọ̀rọ̀, ó sì yé wa jọjọ. Ọmọ tèmi ń ṣàìsàn, ọmọ tirẹ̀ kan ti kú. Kí ló tún kù tí a ó fẹ́ kí ẹnìkan túmọ̀?

Àyẹ̀wò kò tètè parí. Ní gbogbo ọjọ́ tí wọn kò bá so Fúnmi mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, àwa á jókòó, a ó máa wo ara wa. Àǹtí ní jíjókòó yẹn kò dára. Ó ní òun máa mú wa lọ síbi tí wọ́n ti ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Odò ló kọ́kọ́ fẹ́ mú wa lọ, odò kan tí wọ́n ń pè ní Gáńgà, tó jìn sí ìlú náà. Fúnmi ní òun kò lọ sí odò òrìṣà. Ráṣídì ní òun máa dúró ti àbúrò òun. Èmi nìkan ni mo bá Àǹtí wọ mọ́tò. Ha, èrò. Àwọn tó ti darúgbó jù mí lọ ń di ẹ̀wọ̀n irin mú létí àtẹ̀gùn, nítorí omi yẹn le, wọ́n ń rì sínú rẹ̀, wọ́n ń yọjú, eyín wọn ń gbọ̀n. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbé ewé sórí omi, òdòdó wà nínú ewé, iná kékeré wà láàárín òdòdó. Àǹtí ra ewé kan. Ó pe orúkọ ọmọ mi sí i, “Fúmí, Fúmí,” bó ṣe lè pè é, ó sì jẹ́ kó máa lọ. Mo bọ́jú nínú omi náà. Ó tutù bí omi òkè wa.

Nígbà tí mo délé, Fúnmi ti fa ojú ro. Ó ní, “Màmá, ẹ bọ́jú nínú omi òrìṣà, ẹ sì tún ń bọ̀ wá fọwọ́ kàn mí.”

Mo ní, “Ojú mi dọ̀tí ni. Ṣé kí n gbé e wálé bẹ́ẹ̀ ni?”

Lẹ́yìn ìyẹn, Àǹtí mú gbogbo wa lọ síbi ibojì wòlíì kan tó jẹ́ Mùsùlùmí. Mo rò pé inú Ráṣídì máa dùn. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ tóóró, wọ́n ń ta òdòdó pupa lápá ọ̀tún àti lápá òsì, òórùn tùràrí gba ibẹ̀ kan. Wọn kì í jẹ́ kí obìnrin wọ yàrá ibojì fúnra rẹ̀, ẹ̀yìn òkúta tí wọ́n dá ihò sí la ti ń wò ó. Àwọn obìnrin Híńdù wà níbẹ̀, àwọn obìnrin Mùsùlùmí wà níbẹ̀, wọ́n ń so òwú mọ́ ihò òkúta. Àǹtí so òwú pupa kan nítorí Fúnmi. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí àkọ́bí mi tó káwọ́ mọ́ àyà, kò wọlé.

Ó ní, “Màmá, bídíà ni gbogbo èyí, àdádáálẹ̀ tí kò sí nínú ẹ̀sìn. Òkú ni. Òkú kì í dáni lóhùn.”

Mo ní, “Ṣé mo ní kó dá mi lóhùn? Mo kàn kí i ni. Ẹni tí mo bá nílé rẹ̀, ṣé n kò ní kí i?”

Fúnmi rẹ́rìn-ín, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n bá wí lọ́jọ́ yẹn.

Mo fẹ́ kó yé yín pé inú ti ń bí mi láti ibẹ̀. Ẹni kan tí kò bí wọn, tí kò gbọ́ èdè wọn, ń lọ káàkiri ilé Ọlọ́run gbogbo nítorí wọn, àwọn ọmọ mi ń wá ẹ̀bi ojúbọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọ̀kan á ní irú àdúrà yìí kò dára, èkejì á ní tọ̀hún kò dára. Kò sí èyí tó sọ pé Àǹtí ẹ ṣeun, àfi tí mo bá rán wọn létí.

Ibi kẹta ló jẹ́ ti àwọn Síìkì, àwọn tó máa ń wé láwàní, tí wọn kì í gé irùngbọ̀n. Fúnmi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Màmá, ṣé ère wà níbẹ̀?” Àǹtí ní kò sí ère, ìwé ni wọ́n gbé sórí ìrọ̀rí tí wọ́n ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí. Ráṣídì ní, “Ìwé? Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Ìyẹn la fi wọlé.

Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà ná. Bàbá arúgbó kan ló ń gba bàtà, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun nini. Bí mo ṣe fẹ́ na sálúbàtà mi sí i, mo rántí pé ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, mo bá kúnlẹ̀ kí i. Bàbá pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, ó tẹrí ba fún mi. Mo rò ó pé kò dára kí àgbà tẹrí ba fún mi, mo tún lọ sílẹ̀ sí i. Òun náà tún lọ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde nínú àwa méjèèjì. Èrò ti kún lẹ́yìn wa dé títì. Ráṣídì ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dìde, ẹ ti dí ọ̀nà ilé Ọlọ́run.” Ìgbà tí a jáde ni Àǹtí sọ fún wa pé olówó ni bàbá yẹn, ó ní ṣọ́ọ̀bù káàkiri ìlú, ó máa ń wá tọ́jú bàtà èrò ni. Mo ronú sí i gan-an. Nílé wa, ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù ẹyọ kan, iwájú la ń gbé àga rẹ̀ sí, yálà ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí.

Wọ́n ń bọ́ gbogbo ẹni tó bá wá síbẹ̀, láàárọ̀ títí di alẹ́. Ìkòkò tí wọ́n fi ń se ẹ̀wà tóbi tó èyí tí ènìyàn lè wẹ̀ nínú rẹ̀. Mo sọ fún Àǹtí pé n kò lè jẹ oúnjẹ tí mi ò bá ru nǹkan kan sí. Ìgòkè ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ó mú mi wọ ilé ìdáná, wọ́n fi mí jókòó sáàárín àwọn obìnrin tó ń na ìyẹ̀fun di pẹlẹbẹ. Tiwọn fẹ́lẹ́, ó rí roboto bí òṣùpá. Tèmi nípọn bí òkèlè. Obìnrin ẹ̀gbẹ́ mi mú un, ó fi han gbogbo wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì jọ dín in pọ̀ mọ́ tiwọn.

Mo wo inú ìkòkò, mi ò rí ẹran, mi ò rí ẹja. Mo bi Àǹtí pé ṣé ẹran wọ́n lọ́dọ̀ wọn ni. Ó ní rárá o, wọn kì í fi ẹran sí i kí ẹnikẹ́ni má bàa ní òun kò lè jẹ. Bàbá mi ni mo rí níwájú mi pẹ̀lú ọ̀bẹ rẹ̀. Ohun kan náà ni. Tiwa, ẹni tí gbogbo wa lè jẹ ẹran ọwọ́ rẹ̀ la fún ní ọ̀bẹ. Tiwọn, wọ́n gbé ọ̀bẹ kúrò nílẹ̀ pátápátá.

Nígbà tí mo jáde wá síbi tí èrò jókòó sí lórí ẹní, mo rí àwọn ọmọ mi méjèèjì. Èjìká wọn kan ara wọn. Ọwọ́ Fúnmi wú nítorí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ, kò lè ká a kò. Ráṣídì ń ya búrẹ́dì pẹlẹbẹ yẹn, ó ń fi í sí i lẹ́nu. Fúnmi ní, “Bọ̀dá, ẹ rọra, èmi kì í ṣe adìẹ.” Ráṣídì ní, “Jẹun, ẹnu rẹ ò ṣàìsàn.” Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wà lọ́mọdé, n kò rí ohun tó dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ó ti parí. Mo ní tí a bá délé, a máa gbọ́n ojú omi yẹn.

Àǹtí tún fẹ́ mú wa lọ síbi igi kan tí ọkùnrin mímọ́ kan jókòó sí abẹ́ rẹ̀ láyé ijọ́un, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ jìn, ọjọ́ iṣẹ́ abẹ sì ti dé. Wọ́n gbé àwọn méjèèjì wọlé lọ. Èmi àti Àǹtí jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń ka ìlẹ̀kẹ̀ tirẹ̀, mo ń ka tẹ̀sùbáà tèmi. Nígbà tí Fúnmi kọ́kọ́ tọ̀, tí a fi mọ̀ pé kídìnrín náà ti ń ṣiṣẹ́, nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Èmi jó. Ẹ rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹ bá fẹ́, ìtọ̀ ni mo jó sí.

A délé ní àlàáfíà. Ọ̀nà Odò-Ọwá ṣì wà bí a ṣe fi í sílẹ̀.

Iléyá tó tẹ̀ lé e, Ráṣídì gé itan àgbò odindi, ó fi ránṣẹ́ sí Èrúkù. Bọ́lá, o wà nílé lọ́jọ́ yẹn, ìwọ lo gbà á. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọlọ́kadà ti gbé itan náà dé ẹnu ọ̀nà mi l'Ọ̀sí. Mo ní kí wọ́n pe Fúnmi fún mi.

Ó ní, “Màmá, ẹ bá mi dá a padà fún Bọ̀dá, ẹ ní mo dúpẹ́. Bàbá Bọ́lá ló ní orúkọ tí wọ́n pè sí i kì í ṣe orúkọ tí à ń pè.”

Mo ní, “Orúkọ tí wọ́n pè sí i, òun ni bàbá mi ń pè. Òun la jẹ dàgbà.”

Ó ní, “Ayé ìgbà yẹn ni, Màmá. Ìmọ́lẹ̀ kò tíì dé.”

Mo pa fóònù. Ta ni kò tíì ní ìmọ́lẹ̀? Yèyé mi tó di ẹsẹ̀ ewúrẹ́ mú?

Kérésì dé. Fúnmi náà se ìrẹsì, ó dín adìẹ, ó kó o sínú kúlà, ó fi ránṣẹ́ sí Ìlọrin. Ráṣídì kò ṣí i. Ó gbé e fún mẹ́gáàdì. Nígbà tí mo bi í, ó rọ ohùn sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe níwájú àwọn ọmọ kéwú rẹ̀. Ó ní, “Màmá, kì í ṣe ìkórìíra o. A kàn kì í bá wọn ṣe ọdún wọn ni.”

Wọn. Ó pe àbúrò rẹ̀ ní wọn.

Mo wá rántí ìkòkò tí kò ní ẹran. Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì, mo ní kí wọ́n wá, Ìgòkè ni mo fẹ́ ṣe lágbàlá mi níwọ̀n ìgbà tí òkè ti di ti ọlọ́gbà. Èmi àti Bọ́lá gún iyán. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni mo fi sè é, pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti olú inú oko. Mi ò fi ẹran sí i, mi ò fi ẹja sí i. Ẹ mọ̀ pé ìtìjú ni nílẹ̀ yìí, kí ènìyàn pe àlejò sí iyán tí kò ní ẹran. Ìyá Àdúkẹ́ tó múlé tì mí yọjú wo ìkòkò, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹran ti tán l'Ọ̀sí ni, àbí ẹ ti di ará Íńdíà?” Mo ní, “Mo ti di ará Íńdíà.”

Wọ́n dé, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n jókòó. Ara Fúnmi ń dán bí ìgbà tó wà ní wúńdíá. Mo gbé ìkòkò kalẹ̀.

Ráṣídì wò ó. Ó ní, “Màmá, ṣé ìkòkò tí wọ́n fi ń se ẹran Kérésì kọ́ nìyí?”

Fúnmi náà wò ó. Ó ní, “Ṣé Bọ̀dá kò tíì ṣe àdúrà tiwọn sí i?”

Ọ̀kan dìde, ó lọ mú kúlà rẹ̀ wá láti inú mọ́tò. Èkejì yọ búrẹ́dì àti sadíìnì nínú báàgì. Àwọn méjèèjì ti mú oúnjẹ wá láti ilé wọn, wọ́n ti mọ̀ kí wọ́n tó dé pé wọn kò ní jẹ tèmi. Ìgbà yẹn ló yé mi pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹran láti ọjọ́ yìí wá. Mo gbé ẹran kúrò, wọ́n wá ìkòkò. Bí mo bá gbé ìkòkò kúrò, wọ́n á wá iná.

Mo ní kí wọ́n jókòó. Ohun tí mo sọ fún wọn nìyí, Bọ́lá, kọ ọ́ dáadáa.

Mo ní, “Ráṣídì, lọ́jọ́ tí dókítà ní òun máa la ikùn rẹ, o kò bèèrè àdúrà tí wọ́n ń gbà sí ikùn àbúrò rẹ. O ní ìgbà wo la ń lọ. Ọmọ tí mo bí nìyẹn, òun ni mo ń wá. Ìwọ Fúnmi, tí ohun tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ bá kàn kò bá gbọdọ̀ wọ inú rẹ mọ́, ọ̀nà Íńdíà kò tíì dí, padà lọ kí wọ́n yọ kídìnrín rẹ̀ padà fún un. Ráṣídì, má rẹ́rìn-ín. Adìẹ Kérésì tí o gbé fún mẹ́gáàdì, àbúrò rẹ jẹ irú rẹ̀ nílé, ó fi omi lé e, kídìnrín rẹ ló sẹ́ ẹ. O ti ń ṣe Kérésì láti ọjọ́ tí a ti dé. Fúnmi, ìwọ náà gba àwẹ̀ Ràmàdáánì tó kọjá, nítorí ẹni tó fún ọ ní ohun tó wà nínú rẹ gbà á. Ẹ ti jọ ń jẹun tipẹ́, ẹ kàn kọ̀ láti jókòó ti ara yín ni. Ẹ kó kúlà yẹn kúrò níwájú mi. Ẹ lọ fọwọ́. Iyán ń tutù.”